Ẹ gbà mí o: ta ló ń fọ abẹ́ akọ ẹṣin rẹ̀, kí lẹ sì fi ń fọ̀ ọ́?

Ọmọ Ìjẹ̀bú Ẹlẹ́ṣin

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ibí. Ọ̀rọ̀ yìí ń tì mí lójú díẹ̀, ṣùgbọ́n n ó bèèrè ẹ̀. Mo ní ẹṣin kan, ọmọ ọdún 11, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá kí n tó rà á láti Kánò. Ìdílé wa máa ń gun ẹṣin lọ sí Ojúde Ọba ní ọjọ́ kẹta Iléyá, òun ni mo sì fẹ́ gùn lọ́dún yìí. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo ń gbo ara rẹ̀, òórùn kan gbá mi nímú láti abẹ́ ikùn. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Àpò tí nǹkan ọkùnrin rẹ̀ ń wọ̀ sí kún fún nǹkan dúdú tó ń ṣí bí èèpo, òmíràn funfun bí òrí tó ti pẹ́ nínú igbá.

Ẹni tó ń bá mi tọ́jú ẹ̀ ní kí n fi í sílẹ̀ fún òun, pé òun á fi apakòkòrò tí a fi ń fọ balùwẹ̀ ṣan án, á mọ́ kíá. Ọkàn mi ò gbà á. Ṣé èèyàn tiẹ̀ máa ń fọ ibẹ̀ ni? Kí ni kí n fi fọ̀ ọ́? Ẹ̀ẹ̀melòó lọ́dún? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Àrẹ̀mú Alájánu

Yẹ̀yẹ́ díẹ̀ ò lè pa ẹ́, àbúrò. Ṣùgbọ́n ká kọ́kọ́ sọ èyí tó kan gbọ̀ngbọ̀n: gba ike apakòkòrò yẹn lọ́wọ́ ẹ̀ lónìí! Mo ti ṣe irú ẹ̀ rí. Mo ní ṣebí ìdọ̀tí ni ìdọ̀tí. Mo pò ó mọ́ omi, mo fi kànìnkànìn ìwẹ̀ ha á dáadáa, inú mi ń dùn. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, àpò náà ti wú bí ìbẹ́pẹ, awọ ibẹ̀ bó bí ẹni tí omi gbígbóná dà sí lára. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mi ò fi lè gùn ún. Títí di òní, bí mo bá na ọwọ́ sí abẹ́ ikùn ẹ̀ báyìí, etí méjèèjì á ti lẹ̀ mọ́ orí. Ẹṣin kì í gbàgbé.

Bàbá Onígàárì, Ìlọrin

O káre, ọmọ mi, tí o bèèrè. Ẹni tó bá ní ẹṣin ló ni gbogbo ara ẹ̀, tiwájú tẹ̀yìn. Láti ọdún 1979 ni mo ti ń tọ́jú ẹṣin, bàbá mi náà sì tọ́jú tirẹ̀ kó tó kàn mí. N kò rí i kí àwọn àgbà yẹn gbé omi ti ẹṣin pé àwọn fẹ́ fọ abẹ́ rẹ̀. Wíwò ni wọ́n ń wò ó. Da koríko gbígbẹ tuntun sílẹ̀ nínú ilé rẹ̀, kò ní pẹ́ tí á fi tọ̀ sí i, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra. Wàá rí i tí á ya ẹsẹ̀, tí á yọ gbogbo ẹ̀ síta. Dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan kí o wò ó. Ṣé okùn kan ṣoṣo ni ìtọ̀ náà ń bá wá, àbí ó ń fọ́n káàkiri? Ṣé ó ń tọ̀ díẹ̀, ó ń dúró, ó ń kérora, kó tó tún tọ̀? Ṣé kì í yọ ọ́ rárá, tó jẹ́ pé inú àpò ló ń tọ̀ sí? Èyí tó ń tọ̀ sínú àpò ni ìdọ̀tí rẹ̀ máa ń pọ̀ jù.

Má jẹ́ kí àwọ̀ ìtọ̀ dẹ́rù bà ọ́ o. Ìtọ̀ ẹṣin kì í mọ́ gaara bíi tèèyàn. Nígbà mìíràn á dà bí omidùn, torí kálísíọ́ọ̀mù tó wà nínú ẹ̀ ni. Mo mọ ẹnì kan tó ti fún ẹṣin ẹ̀ ní abẹ́rẹ́ ọjọ́ márùn-ún nítorí omidùn yìí, ara ẹṣin ò sì ṣe nǹkan kan.

Awọ ibẹ̀ ńkọ́, ṣé dúdú ni àbí ó pọ́n bí awọ àfín? Dá mi lóhùn, mo nídìí tí mo fi bèèrè.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Ẹlẹ́ṣin

Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Apá kan dúdú, apá kan pọ́n. Ó ń yọ ọ́ síta tó bá fẹ́ tọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe sọ ọ́ yìí ni mo wá kíyè sí i pé ìtọ̀ ẹ̀ kì í lọ tààrà mọ́, ó ń yà sí apá òsì. Mo ti gba ike yẹn. Ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀ ti ń bínú sí mi báyìí.

Dókítà Ẹran, Ìbàdàn

Mo fẹ́ dá sí i. Ẹ jẹ́ ká pe nǹkan ní orúkọ ẹ̀: okó ni, ẹranko la sì ń sọ̀rọ̀ ẹ̀. Àpò tí ó ń wọ̀ sí ni èmi ń pè ní akọ̀, bí akọ̀ idà, torí iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe.

Ohun tí o rí yẹn, awọ tó ti kú ni, pẹ̀lú ọ̀rá tí ara ibẹ̀ ń sun àti eruku ilẹ̀. Kò sí akọ ẹṣin tí kò ní i. Díẹ̀ nínú ẹ̀ wúlò fún awọ ibẹ̀ pàápàá. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí kì í pa ẹṣin lára ló ń gbé inú akọ̀, àwọn ló sì ń dí àyè mọ́ àwọn tó burú. Ẹ fi apakòkòrò pa wọ́n tán, àyè á ṣí sílẹ̀ fún àwọn olóríkunkun bíi Pseudomonas àti Klebsiella. Ara àwọn akọ tí wọ́n fi ń gun abo ni wọ́n ti rí èyí, àwọn tí wọ́n ń fi apakòkòrò fọ̀ léraléra pé kí ó lè mọ́ tónítóní. Nítorí náà, kì í ṣe bíbó tí awọ tiẹ̀ bó nìkan lo jẹ gbèsè ẹ̀, Àrẹ̀mú.

Ẹ̀ẹ̀melòó lọ́dún? Ẹnu àwa dókítà ò kò lórí ìyẹn. Àwọn kan ní kí a fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, àwọn mìíràn ní kí a má fọwọ́ kàn án àfi tí ìdí bá wà. Èmi wà láàárín: kí a wò ó ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí a fọ ẹni tó bá nílò ẹ̀. Ọjọ́ tí mo bá fẹ́ rẹ́ eyín ẹṣin ni mo sábà máa ń wò ó, torí mo ti fún un ní abẹ́rẹ́ tó ń mú kó tòògbé lórí ìdúró. Okó á rọ̀ jáde fúnra ẹ̀, kò ní ṣòro fún èmi, kò ní ṣòro fún òun náà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, ìtọ̀ tó ń yà sí òsì yẹn ni kó o mú lọ́kùn-únkúndùn. Ní orí okó gan-an, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ìtọ̀, kòtò kékeré kan wà. Ìdọ̀tí máa ń kó jọ síbẹ̀, á yí ara ẹ̀ pọ̀ títí á fi le. Olóyìnbó ń pè é ní ẹ̀wà, ó sì jọ ẹ̀wà lóòótọ́, àmọ́ mo ti yọ èyí tó ju awẹ́ obì lọ. Tó bá ti tóbi báyẹn, ó ń fún ọ̀nà ìtọ̀ ni. Má ki ìka bọ ibẹ̀ fúnra rẹ lákọ̀ọ́kọ́ o, pe dókítà ẹran tó wà nítòsí rẹ. Tó ò bá mọ ẹnì kankan, fásitì Abẹ́òkúta ò jìnnà sí Ìjẹ̀bú, wọ́n ní ẹ̀ka ìwòsàn ẹranko.

Kó o sì kìlọ̀ fún ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀: kó má ra abẹ́rẹ́ ìtòògbé kankan fún un lọ́jà. Acepromazine wà lára àwọn tó ń mú kí okó rọ̀ jáde, ó sì lè ṣẹlẹ̀ pé kí okó náà má padà wọlé mọ́. Bí a kì í bá ń lò ó fún akọ tí a kò tíì tẹ̀ lọ́dàá, ìdí ẹ̀ nìyẹn.

Ṣọlá Kò-Gba-Gbẹ̀rẹ́

Ìbéèrè kékeré. Ẹṣin tó wà nínú igbó, ta ló ń fọ abẹ́ wọn? Ọlọ́run tó dá ẹṣin kò dá kànìnkànìn mọ́ ọn. Gbogbo èyí ò jọ àṣejù olóyìnbó bí?

Dókítà Ẹran, Ìbàdàn

Ó jọ bẹ́ẹ̀ lápá kan, mo sì ti gbà bẹ́ẹ̀ lókè. Àmọ́ ẹṣin inú igbó ń gun abo, gígùn yẹn fúnra ẹ̀ ń bó ìdọ̀tí dànù. Ó ń rìn láti àárọ̀ dalẹ́. Ta ló sì tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá? Tiwa wà lórí ìso, inú ìtọ̀ ara ẹ̀ ló ń dúró sí, kì í yọ okó síta bíi ti odindi akọ.

Ṣọlá Kò-Gba-Gbẹ̀rẹ́

Ó yé mi. Mo gba èyí tó kàn mí.

Ìyá Táyé, Kent

Ẹ kú ìjókòó o. Ọdún kẹjọ mi rèé nílé ìtọ́jú ẹṣin kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ní kí n wá wo bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́, mo ní olúwa mi, ṣé nítorí èyí ni mo ṣe wọ ọkọ̀ òfúrufú. Ní báyìí, èmi ni wọ́n ń pè.

Kó o tó ronú omi rárá, kọ́ ẹṣin náà kí ó gbà ọ́ láyè. Fi ọwọ́ pa á ní ikùn, kó o máa sún sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, kó o yọwọ́ kúrò *kí ó tó* bínú. Ìṣẹ́jú méjì lójoojúmọ́, ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Ẹni tí ò bá ní sùúrù fún ìyẹn kó má dé ibẹ̀.

Lọ́jọ́ tó o bá máa fọ̀ ọ́, má so ó mọ́lẹ̀. Kí ẹnì kan tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ di okùn rẹ̀ mú, apá tó o wà ni kí òun náà wà, torí bí ẹṣin bá tapá, ẹ ó lè fa orí rẹ̀ sọ́dọ̀ yín kí ìdí rẹ̀ lè lọ sí òdìkejì. Ẹ̀gbẹ́ èjìká ni kó o dúró sí, kọjú sí ìrù, kí ọwọ́ kan wà lẹ́yìn rẹ̀ nígbà gbogbo. Ọwọ́ yẹn ló máa kọ́kọ́ gbọ́ pé iṣan rẹ̀ ti le. Má kúnlẹ̀, má sì ti orí bọ abẹ́ ikùn láé. Àwọn tí ò mọ̀ rò pé ẹ̀yìn nìkan ni ẹṣin ń ta ìpá sí. Ó lè fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbá iwájú bí ẹni ń lé eṣinṣin, àgbọ̀n rẹ ni yóò sì bá.

Bọ́ òrùka, gé èékánná, wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ nìkan ti tó fún ọ̀pọ̀ ẹṣin. Tí ìdọ̀tí bá ti gan, fi òróró ìpara ọmọ ìkókó sí i lálẹ́, jẹ́ kí ó rọ̀ mọ́jú, ọ̀pọ̀ rẹ̀ á máa bọ́ fúnra ẹ̀. Òwú tàbí aṣọ rírọ̀ ni kó o lò. Yọ ẹyọ kan, sọ ọ́ nù, mú òmíràn. Má ti èyí tó ti dọ̀tí bọ inú garawa padà. Tó o bá lo ọṣẹ rárá, kó jẹ́ èyí tí kò ní òórùn, díẹ̀ báyìí, kó o sì fi omi ṣan án títí ọwọ́ rẹ ò fi ní yọ̀ mọ́. Ọṣẹ tó ṣẹ́kù síbẹ̀ burú ju ìdọ̀tí lọ. Kò gbọdọ̀ jẹ́ rọ́bà omi tó ń fọ́n fààà lo máa kì bọ ibẹ̀. Má sì fa okó náà jáde tipátipá: tí kò bá fẹ́ yọ ọ́, fọ ibi tí ọwọ́ rẹ bá dé, kó o dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ibi tó bá ti rẹ̀ ẹ́, dúró. Èyí tó kù á di ọjọ́ mìíràn.

Àrẹ̀mú Alájánu

Ìyá Táyé, "kó o dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀" yẹn pa mí lẹ́rìn-ín. Àdín àgbọn ńkọ́, ṣé a lè lò ó dípò òróró ọmọ ìkókó?

Ìyá Táyé, Kent

Mo rí àwọn tó ń lò ó. Tó o bá lò ó, rí i pé o nu ún kúrò lọ́jọ́ kejì. Òróró jíjẹ máa ń kan, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn, eṣinṣin á gbọ́ òórùn ẹ̀.

Alábo Méjì

Ẹ dákun, ṣé ó kan àwa tí a ní abo? Ọ̀kan nínú tèmi ń gbo ìrù mọ́ ògiri, ìdí ìrù ẹ̀ ti pá. Mo ti fún un ní oògùn aràn, kò dáwọ́ dúró.

Ìyá Táyé, Kent

Ó kàn yín o! Wò ó láàárín ọmú rẹ̀ méjèèjì. Irú ìdọ̀tí dúdú kan náà máa ń kó síbẹ̀, á sì máa yún un. Ìrù ni ọwọ́ rẹ̀ tó láti fi họ ara. Omi wọ́ọ́rọ́ àti aṣọ rírọ̀ náà ni, rọra ṣe é, torí òmíràn máa ń ta. Abẹ́ ìrù àti ẹnu ojú ara rẹ̀ náà, ìta nìkan ni kó o nù, má fi nǹkan kan bọ inú. Tó o bá fẹ́ kí akọ gùn ún, lo ìbọ̀wọ́ àti garawa ọ̀tọ̀ fún ẹṣin kọ̀ọ̀kan. Àrùn ilé ọmọ kan wà tí gígùn akọ ń kó ran abo, wọ́n ń pè é ní CEM, Newmarket níbí ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá a mọ̀ ní 1977. Bakitéríà rẹ̀ ń sápamọ́ sínú ìdọ̀tí abẹ́ akọ, akọ náà ò sì ní ṣàìsàn kankan tí wàá fi fura.

Ẹlẹ́ṣin Etí Òkun

Kí n fi ìrírí tèmi kún un kí ẹnì kan má bàa ṣe bíi tèmi. Ẹṣin tí mo fi ń gbé èèyàn ṣeré létí òkun l'Ékòó, akọ̀ rẹ̀ wú. A ní ìdọ̀tí ni. A fọ̀ ọ́, kò rọlẹ̀. A tún fọ̀ ọ́. Ọ̀sẹ̀ kejì, abẹ́ ikùn wú, ẹsẹ̀ wú, ẹṣin tó ń jẹun dáadáa yìí ń rù lójú wa, ara rẹ̀ ń gbóná lónìí, á tutù lọ́la, á tún gbóná. Nígbà tí dókítà gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, trypanosoma, kòkòrò àìfojúrí kan tó ń gbé inú ẹ̀jẹ̀, ló kún inú ẹ̀. Omi tí mo ń gbé lójoojúmọ́ yẹn, asán ni.

Dókítà Ẹran, Ìbàdàn

O ṣé tó o sọ èyí, torí òun ló yẹ kí n ti sọ ṣíwájú. Akọ̀ tó wú, ìdí ẹ̀ pọ̀. Ẹṣin tó bá dúró sójú kan ní ọjọ́ mẹ́ta láìrìn lè wú lábẹ́, tó o bá mú un rìn, á rọlẹ̀. Aràn tó pọ̀ jù àti oúnjẹ tí kò tó lè fà á. Àmọ́ tí ibà bá bá a rìn, tí ẹran ìdí eyín ẹ̀ funfun bí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti tán lára ẹ̀, ẹ ronú trypanosoma. Eṣinṣin tsetse àti àwọn eṣinṣin mìíràn tó ń gé ẹran jẹ ló ń gbé e kiri, òun sì wà lára ohun tó jẹ́ kí ẹṣin ṣòro láti sìn nínú igbó wa láti ayé àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́. Oríṣi kan tún wà, dourine, tó jẹ́ pé ìgbà tí akọ bá gun abo ni wọ́n ń kó o ran ara wọn, ojú ara àti akọ̀ ló sì kọ́kọ́ máa ń wú.

Ọgbẹ́ tí kò jinná níbẹ̀ ní ìgbà tí eṣinṣin pọ̀, tó ń ṣẹ̀jẹ̀, tí nǹkan bí hóró ìyanrìn wà nínú ẹ̀, ìdin aràn kan tó ń jẹ́ Habronema ni mo máa ń fura sí. Eṣinṣin ló ń kó o síbẹ̀. Oògùn aràn tó ń jẹ́ ivermectin ń pa á, ṣùgbọ́n kí dókítà wò ó kí ẹ tó fún un.

Tí ẹṣin bá ń tiraka láti tọ̀ tí nǹkan kan ò jáde, tàbí tí okó bá wà níta fún wákàtí mélòó kan tí kò padà wọlé, ẹ má wá bèèrè níbí. Ẹ pe dókítà, kódà bó jẹ́ òru.

Bàbá Onígàárì, Ìlọrin

Ọmọ Ìjẹ̀bú, mo ní n ó sọ ìdí tí mo fi bèèrè àwọ̀. Mo ní ẹṣin kan, Àpọ́nlé lorúkọ ẹ̀, abẹ́ rẹ̀ pọ́n bíi ti àfín. Nígbà tó pé ọdún 17, mo rí nǹkan kékeré kan lórí okó ẹ̀, kò ju orí ìṣánà lọ. Mo ní èétú ni. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ó ti dà bí olú tó hù lára igi, ó ń ṣẹ̀jẹ̀, ó ń rùn, òórùn tó yàtọ̀ sí ti ìdọ̀tí. Jẹjẹrẹ ni. Ká ní mo fi han dókítà nígbà tó wà bí orí ìṣánà ni, wọn ì bá gé e kúrò. Ẹṣin rere ni, kò gbá ẹnikẹ́ni nípàá rí.

Dókítà Ẹran, Ìbàdàn

Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Àwọn àgbà ẹṣin tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá, tí awọ ibẹ̀ pọ́n, ni ó wọ́pọ̀ sí jù. Fáírọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ EcPV2 sì lọ́wọ́ nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀. Àwọn kan ń dá ìdọ̀tí lẹ́bi, n ò lè búra sí ìyẹn. Èyí tó ní irun funfun ní tirẹ̀, kókó dúdú ni kí ẹ máa wá, lábẹ́ ìrù àti nínú akọ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Ẹlẹ́ṣin

Ẹ̀yin ará, mo ti dé. Ó tó ọjọ́ mẹ́rìnlá. Dókítà wá láàárọ̀ àná, ó fún un ní abẹ́rẹ́, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí orí ẹṣin fi wálẹ̀ bí ti ẹni tó mu ẹmu. Okó jáde. Òróró tí a ti fi sí i lálẹ́ ìjẹta ti rọ ọ̀pọ̀ ìdọ̀tí náà, omi ló fi fọ èyí tó kù. Ó wá fi ìka kan wá orí rẹ̀, ó ní "òun rèé". Ó tó hóró ẹ̀wà mẹ́ta tí a bá lẹ̀ pọ̀, àwọ̀ eérú, ó le! Mo rò pé òkúta ni. Láàárọ̀ yìí mo da koríko tuntun sílẹ̀ bí Bàbá ṣe wí, ó ya ẹsẹ̀, ìtọ̀ lọ tààrà bí okùn. Mo pàtẹ́wọ́ níbẹ̀ bí wèrè.

Kókó kékeré kan wà ní apá tó pọ́n. Dókítà ní èétú ni lójú òun báyìí, ó yà á ní fọ́tò pẹ̀lú owó ẹyọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó ní kí n tún yà á lóṣù mẹ́ta. Mo ti kọ ọ́ sí ara ògiri ilé ẹṣin. Ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀ tó ń bínú sí mi, òun ló di okùn mú, òun náà ló tún ń júwe fún gbogbo àdúgbò bí a ṣe yọ ọ́.

Bàbá Onígàárì, Ìlọrin

Alhamdulillah. Oṣù mẹ́ta yẹn, má jẹ́ kó di mẹ́rin.

Àrẹ̀mú Alájánu

Ẹ̀wà náà ńkọ́? Ṣé o jù ú nù?

Ọmọ Ìjẹ̀bú Ẹlẹ́ṣin

Ó wà nínú ike kékeré kan lójú fèrèsé. Ìyàwó mi ò tíì bèèrè ohun tó jẹ́.